Àmì Pupa Inú Rẹ́jísítà Wọ́ọ̀dù Obìnrin

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ mi nígbà tí mo dé wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin kì í ṣe bí a ti ń gún abẹ́rẹ́ tàbí bí a ti ń gbé dìrípù kọ́. Irọ́ pípa ni. Mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nígbà yẹn, mo ti kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí lé e lórí, mo sì ti ṣiṣẹ́ ní ìlú méjì, mo wá rò pé mo mọ nǹkan. Ọdún mẹ́jọ ṣáájú kí àwọn ológun tó gbé ìjọba sílẹ̀ ni wọ́n gbé mi wá sí ilé ìwòsàn kékeré kan nílẹ̀ Rẹ́mọ. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lónìí kò ṣẹ̀ mí.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an ni ọmọbìnrin kan kú sí wa lọ́wọ́. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ni. Takisí elérò ni wọ́n fi gbé e wá láti Òde Rẹ́mọ, ẹ̀jẹ̀ sì ti rin ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ náà gbingbin. Ẹnì kan ló ki nǹkan bọ ilé ọmọ rẹ̀ láti fi ṣẹ́ oyún. A ò tí ì rí dìrípù gbé kọ́ tán tó fi dákẹ́. Lẹ́yìn tí a fi aṣọ bò ó, Mátírọ́ọ̀nù wa jókòó ti rẹ́jísítà, ìwé ńlá tí a ń kọ orúkọ àwọn aláìsàn sí, ó sì ṣí báírò.

Ó bi mí pé, "Kí ni ká kọ?"

Mo ní, "Oyún tí wọ́n ṣẹ́ ló pa á, Mà."

Ó gbójú sókè wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ta ló bi ọ́ léèrè ohun tó pa á? Ohun tí a ó kọ ni mò ń bi ọ́." Ó tẹ orí ba, ó kọ "ibà" sílẹ̀ gàdàgbà. Ó ní, "Máa kọ ibà, ọmọ mi. Ibà kì í bínú. Ohunkóhun tí o bá dì rù ú ló máa gbé."

Ọmọ Ìpẹ̀rú ni Mátírọ́ọ̀nù, Mẹ́tọ́díìsì paraku, obìnrin tó máa ń dá owó ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n bá ṣèèṣì fún un lé padà pẹ̀lú ìbínú. Yàtọ̀ sí inú rẹ́jísítà yẹn, n kò gbọ́ kí irọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ rí. Kí ẹni tí kò mọ ilẹ̀ wa má baà rò pé ènìyàn burúkú ni, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nílẹ̀ Rẹ́mọ, obìnrin tó bá kú tòun toyún, tàbí tí oyún pa, kì í ṣe òkú tí wọ́n ń gbé wọlé. Àwọn àgbà tó mọ orò ìlú ni yóò gbà á lọ́wọ́ ẹbí. Inú igbó ni wọn yóò sin ín sí, ọkọ ò ní tẹ̀ lé e, ìyá tó bí i ò sì ní mọ ojú oórì rẹ̀ láéláé. Wọn á ka ohun ètùtù sílẹ̀ fún ẹbí, wọn á kó ẹrù olóògbé lọ, títí kan ọ̀já tó fi ń pọnmọ. Kírísítẹ́nì ni púpọ̀ nínú wa, ṣọ́ọ̀ṣì kún ìgboro, ṣùgbọ́n tí irú òkú bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, àlùfáà á ṣàdédé rántí pé òun ní ìpàdé níbòmíràn. Bó bá tún wá jẹ́ oyún ṣíṣẹ́, ọlọ́pàá á dé, wọ́n á ní kí a gbé rẹ́jísítà wá kí àwọn wo ẹni tó yẹ kí àwọn mú. Ìyá tó ń sunkún ọmọ ni wọ́n á kọ́kọ́ mú.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ ibà. Nígbà mìíràn a máa ń kọ "àìtó ẹ̀jẹ̀" kí ibà lè sinmi díẹ̀.

Àmọ́ Mátírọ́ọ̀nù kì í ṣe ẹni tí í jẹ́ kí irọ́ lọ gbére. Báírò pupa kan wà nínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ oyún bá pa sí wa lọ́wọ́, ó máa ń fi báírò náà ṣe àmì tóótó kan, kékeré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ìdọ̀tí ni. Gbogbo àwa nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù náà la mọ̀ ọ́n kà. Nígbà tí Mátírọ́ọ̀nù fẹ̀yìn tì, báírò yẹn ló fà lé mi lọ́wọ́ kó tó fa kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́.

Dókítà àlejò kan wá láti Èkó nígbà kan, ó ṣí rẹ́jísítà wa síwájú, ṣí i sẹ́yìn, ó ní, "Síṣítà, ibà ìlú yín yìí mà mọ ẹni tó ń mú o. Obìnrin tí kò tí ì pé ogójì ọdún nìkan ló ń pa." A fi ẹ̀rín sí i. Kò sí ẹni tí ẹ̀rín náà dénú rẹ̀ láàárín wa.

Láyé ìgbà yẹn, bí oyún bá bàjẹ́ lára obìnrin tí kò wálẹ̀ tán, ọ̀nà kan péré la mọ̀, ìyẹn kí dókítà fọ ilé ọmọ. Wọ́n á fún un ní oògùn oorun, dókítà á wá fi irin ẹlẹ́nu bíi ṣíbí ha inú rẹ̀ mọ́. Dókítà kan ṣoṣo ni a ní. Bó bá lọ sí ìpàdé, bí iná bá lọ, bí oògùn oorun bá tán, obìnrin náà á máa dúró dè wá, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní dúró dè é.

Ìgbà tí àwọn ọdún 1990 fẹ́ lọ sópin ni Dókítà wa bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn kan báyìí. Oògùn ọgbẹ́ inú ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn ti rí i pé ó máa ń mú kí ilé ọmọ fún ara rẹ̀ pọ̀, kí ó ti ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde, kí ẹ̀jẹ̀ sì dá. Kò gba irin, kò gba oorun, kò gba iná mànàmáná. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé ló ń tọ́jú rẹ̀ nínú ilé oògùn wa. Ọmọ ìjọ tó ń pa ọjọ́ Sábáàtì mọ́ ni, láti ẹ̀gbẹ́ Ìlíṣàn. Tí oòrùn bá ti ń wọ̀ lọ́jọ́ Jímọ́, ẹ ò lè rí i kó bá yín mú oògùn. Nítorí náà ó máa ń ka tàwọn aláìsàn òpin ọ̀sẹ̀ sílẹ̀ fún mi láti ọ̀sán, á dì í sínú bébà, á kọ orúkọ wọn sí i. Ènìyàn gidi ni. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó sọ ìyókù.

Àwọn tí oyún bàjẹ́ lára wọn la ń fún, àti àwọn tó ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníjìbìtì tó ń ṣẹ́ oyún kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé bí oyún náà bá dàgbà, yóò pa wọ́n. Òfin gan-an gbà pé kí dókítà gba ẹ̀mí ìyá là. Bí ẹ bá sì bi mí ní tinú mi, àwọn tó kàn wá jókòó síwájú mi tí wọ́n ní, "Síṣítà, apá mi ò ká a" náà yẹ lẹ́ni tí a ń gbọ́, nítorí mo ti rí ibi tí wọ́n ń lọ tí a bá lé wọn. Láàárín ọdún tí oògùn yẹn fi wà ní ọ̀dọ̀ wa, báírò pupa mi gbẹ. Mo ní láti máa fi ha ìwé kó tó lè kọ. Kò sí ẹ̀bùn tí ìjọba kan fún mi rí tó dùn mọ́ mi tó gbígbẹ báírò yẹn.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí ìjọba alágbádá fi dé, tí àwọn aṣòfin tuntun wọlé sí olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa, tí ara wọn ń yá gágá. Ibì kan ni wọ́n ti rí oògùn náà nínú àpótí akẹ́kọ̀ọ́ kan, àwọn òbí pariwo, ọ̀rọ̀ dé etí aṣòfin. Ọ̀kan nínú wọn dìde, ó ní kí ilé ìwòsàn ìjọba àti ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kankan má ṣe ní in mọ́. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlera yóò jókòó, kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ sọ wá sọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Fọlákẹ́ wọlé sí mi.

Fọlákẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan lẹ́bàá Ọfin, tàìpù méjì àti tábìlì kan. Òun ló ń bá gbogbo ilé ìwòsàn wa tẹ lẹ́tà. Ọmọ Makun ni, ọkọ rẹ̀ ń ṣe tíṣà ní Òde Rẹ́mọ, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́ta. Lẹ́yìn ìbí ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni ọkàn rẹ̀ ṣàárẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò lè gun àtẹ̀gùn, ìjókòó ló fi ń sùn fún oṣù mẹ́fà. Ojú mi ni Dókítà ṣe sọ fún un pé, "Ìyàwó, o ò gbọdọ̀ tún lóyún mọ́. Ọkàn yìí ò ní lè gbé e." Kò sì kọ̀. Abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí ló ń gbà lọ́dọ̀ wa, kì í pa á jẹ. Àwa ni abẹ́rẹ́ tán lọ́wọ́ wa fún oṣù mẹ́ta. Ó wá, a ní kó padà wá. Ó tún wá, a tún ní kó padà wá. Ìgbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹta, oyún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti wà nínú rẹ̀.

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀. Ó ní kò ṣeé fún un ní oògùn oorun pẹ̀lú ọkàn yẹn, tábúlẹ́ẹ̀tì ni a ó lò, kíákíá. Ṣùgbọ́n bó ṣe gbé báírò kó kọ ọ́ sínú káàdì, ó dáwọ́ dúró. Ó ní, "Síṣítà, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àwọn aṣòfin ń jókòó. Ẹ jẹ́ ká dúró dè wọ́n, kí wọ́n má lọ sọ pé à ń yájú sí wọn. Ọ̀sẹ̀ kan ò lè ṣe nǹkan."

Mo gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo gbà.

Ó ní kí n lọ bá wọn sọ̀rọ̀, pé èmi ni ẹnu mi yọ̀. Mo kọ ọ̀rọ̀ mi sínú ìwé, mo gbé e lọ fún Fọlákẹ́ kó bá mi tẹ̀ ẹ́. Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń mí sókè sódò, títí ó fi dé ibi tí mo kọ sí pé, "Mo mọ obìnrin kan, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, tó jẹ́ pé oògùn yìí nìkan ló lè gbà á là." Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí tàìpù.

"Síṣítà, èmi nìyẹn?"

"Ìwọ ni."

Ó ní, "Ẹ ṣé o, Mà. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí orúkọ mi hàn. Ẹ mọ ìlú wa." Ó wá tẹ̀síwájú, ó tẹ̀ ẹ́ tán láìṣe àṣìṣe kankan. Bí ènìyàn ṣe ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ẹ̀bẹ̀ ẹ̀mí ara rẹ̀ nìyẹn, ní tàìpù tí lẹ́tà kan ti já lára rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí à ń lọ, èmi àti Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé la jọ wọkọ̀. Mo fi ìró di rẹ́jísítà wa, mo gbé e lé itan. Inú mi ń dùn sí i. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹ̀rí rèé, kí wọ́n wá ka iye obìnrin tó kú kí oògùn tó dé, kí wọ́n tún wá ka iye tó kú lẹ́yìn rẹ̀. Ní tèmi, ìwé náà mọ́ kedere bí ojúmọ́. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń kà á. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé àwa márùn-ún péré la mọ̀ ọ́n kà láyé.

Wọ́n fún wa lága, wọ́n fún wa lómi. Ọ̀gá ìgbìmọ̀ náà lẹ́nu dídùn, ó ń pè mí ní "Màmá Nọ́ọ̀sì" bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò lè jù ú lọ. Mo ka ọ̀rọ̀ mi. Wọ́n ń mi orí. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí oògùn yìí wà ní ọwọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì. Bí ọmọ iléèwé bá fi nǹkan ṣeré, ẹ kọ́ ọmọ iléèwé. Ẹ má torí ìyẹn pa ìyá ọlọ́mọ." Ẹnì kan tilẹ̀ pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn. Mo wá tú ìró, mo gbé rẹ́jísítà lé tábìlì.

Aṣòfin kan tó ti ń ṣe lọ́yà kó tó dé ibẹ̀ fà á sọ́dọ̀. Ó ń ṣí i jẹ́jẹ́, ó ń kà sókè: "Ibà. Ibà. Àìtó ẹ̀jẹ̀. Ibà. Màmá, níbo ni ẹni tí oyún pa wà níbí?"

Mo dìde, mo na ìka sí i. "Àwọn àmì pupa yẹn ni, sà."

"Àmì wo?" Ó súnmọ́ ìwé náà, ó tún fi èékánná ha á wò. "Ta ló sàmì sí i?"

"Àwa ni, sà. Èmi náà wà níbẹ̀."

"Nígbà wo? Àná?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo wo Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé, ó ń wo bàtà rẹ̀. Mo mọ ohun tí yóò jẹ́ bí mo bá la ẹnu. Ìwé ìjọba ni mo pa irọ́ sí, ẹ̀wọ̀n ń bẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí Fọlákẹ́ bó ṣe ń mí lórí tàìpù. Mo ní, "Ibà kọ́ ló pa wọ́n, sà. Èmi ni mo kọ ọ́. Irọ́ ni mo pa, kí ẹbí wọn lè rí wọn sin."

Lọ́yà pa rẹ́jísítà dé. Kò pariwo. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, bí ìgbà tí wọ́n ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀: "Màmá, ẹ ní ẹ purọ́ fún ìjọba nígbà yẹn. Ẹ wá fẹ́ ká gbà yín gbọ́ nísinsìnyí. Èwo ni ká mú nínú méjèèjì?"

Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ó bá a lóòótọ́. Nígbà tó bá a tán, kò sí ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún un.

Bí ẹ bá rò pé wọ́n ṣòfin, wọn ò ṣòfin kankan. Ìbá tilẹ̀ sàn kí wọ́n ṣe é, ká mọ ẹni tó dìbò àti ẹni tí kò dìbò. Lẹ́tà ni wọ́n kọ. Lẹ́tà náà ní kí gbogbo ilé ìwòsàn ti oògùn ọ̀hún pa mọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù títí ìwádìí yóò fi parí, pé ìwádìí náà kò sì ní ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé ra àgádágodo tuntun.

Mo bá a níbi tó ti ń dán an wò. Mo ní, "Ẹ fún mi ní ti Fọlákẹ́ kí ẹ tó tì í."

"Lẹ́tà ìjọba ni, Síṣítà. Wọ́n ti ka gbogbo rẹ̀. Ọmọ márùn-ún ni mo ní."

"Fọlákẹ́ ní mẹ́ta."

Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó tẹ àgádágodo náà títí ó fi ké. Láti ọjọ́ náà, a kì í wo ojú ara wa tí a bá kíra.

Ọ̀sẹ̀ méjì pé, kò sí èsì. Dókítà kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Èkó, Tíṣà gbé ìyàwó rẹ̀ lọ, wọ́n ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n padà lọ, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé lẹ́tà ìjọba ti ti oògùn náà pa ní ìpínlẹ̀ tí aláìsàn ti wá, àwọn ò fẹ́ wàhálà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tún kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ yẹn, Fọlákẹ́ ló sì tẹ méjèèjì. Ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà pé kó tú ìlú rẹ̀ ṣe. Lẹ́tà kejì, ìdajì ló tẹ̀ lójúmọ́ kan, ó tẹ ìyókù lọ́jọ́ kejì, nítorí èémí rẹ̀ kò tó. Nígbàkígbà tó bá rí mi, ohun kan náà ló máa ń bi mí: "Síṣítà, wọ́n ti parí ẹ̀?" Mo máa ń dáhùn pé wọ́n fẹ́ẹ̀ẹ́ parí. Irọ́ ti mọ́ mi lẹ́nu tẹ́lẹ̀.

Oyún náà wọ oṣù kẹrin. Wọ́n gbé Fọlákẹ́ wá láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè kan, ètè rẹ̀ ti dúdú, ìfófòó ń jáde lẹ́nu rẹ̀. A gbé e jókòó, a fún un ní afẹ́fẹ́, Dókítà gún un lábẹ́rẹ́ tó mú un tọ̀ díẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n èémí kò jẹ́. Kí agogo mẹ́wàá àárọ̀ tó lù, ó ti lọ. Ilé oògùn wà ní òdìkejì wọ́ọ̀dù wa. Bí ènìyàn bá dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó lè rí àgádágodo náà lára kọ́bọ́ọ̀dù láti ojú fèrèsé.

Mo jókòó ti rẹ́jísítà. Ọkọ rẹ̀ wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, ọkùnrin tí gbogbo ìlú ń pè ní Tíṣà.

Ó ní, "Síṣítà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ kọ ibà. Ẹ jẹ́ kí n rí ìyàwó mi gbé relé."

Mo ti kọ ọ́ fún àwọn àjèjì. Mo ti kọ ọ́ fún àwọn tí n kò mọ orúkọ ìyá wọn. Ọ̀rọ̀ lọ́yà yẹn ló ń dún létí mi, pé ìwé mi kò ní ẹ̀rí. Mo ní lọ́kàn mi pé ó kéré tán, kí ẹnì kan ṣoṣo wà nínú ìwé yìí tí ẹnikẹ́ni kò ní lè bi mí pé àná ni mo sàmì sí i. Mo kọ ọ́ pẹ̀lú báírò dúdú, gàdàgbà: "Oyún oṣù mẹ́rin. Àìsàn ọkàn. Oògùn wà, a kò fún un." Mo fọwọ́ sí i. Tíṣà dìde sórí ìkúnlẹ̀, ó kà á. Kò bú mi. Ó dìde, ó gbọn eruku orókún rẹ̀, ó jáde.

Àwọn àgbà wá gbà á. Inú igbó ni wọ́n sin Fọlákẹ́ sí. Wọ́n kó aṣọ rẹ̀, wọ́n kó tàìpù méjèèjì. Obìnrin tó ní kí n má jẹ́ kí orúkọ òun hàn, èmi ni mo fi orúkọ rẹ̀ jẹ́rìí, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo da ojú ìwé náà kọ, mo fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀. Wọn ò fèsì. Ẹni tó fèsì ni iléeṣẹ́ tó gbà mí síṣẹ́. Wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé irọ́ tí mo jẹ́wọ́ rẹ̀ níwájú àwọn aṣòfin, wọ́n sì gbé mi lọ sí ibi tí mo ti ń ka káàdì àwọn aláìsàn títí mo fi fẹ̀yìn tì. Títí dòní, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé mo ṣe dáadáa sí Fọlákẹ́. Mo mọ̀ pé mo ṣe dáadáa sí ìwé.

Àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké máa ń wá kí mi nísinsìnyí. Ohun tí mo ń sọ fún wọn kò pọ̀: ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ kọ, láti ọjọ́ kìíní. Àánú tí a ṣe fún òkú, òun ni wọ́n fi pa alààyè mọ́ wa lọ́wọ́. Mo sì ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin tó ń jókòó níbi tí àwọn yẹn jókòó sí. Ẹ dáàbò bo oògùn náà fún àwọn obìnrin yín. Ẹ má dúró de ìwé tí yóò dá yín lójú, nítorí ìtìjú tí ẹ̀yin àti àwa jọ dá sílẹ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́. Bí ẹ ò bá sì ní ṣe é, ẹ dìbò kí a rí ọwọ́ yín. Ẹ má fi lẹ́tà ọlọ́sẹ̀ méjì pa ènìyàn.

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n gbé mi kúrò níbẹ̀ nígbà tí ìyá Fọlákẹ́ wá bá mi láti Makun. Arúgbó ni, ó ti ń fi ọ̀pá rìn. Mo rò pé ó wá bú mi ni, mo ti kúnlẹ̀ sílẹ̀ dè é. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Dìde, ọma mi. Mi ò wá jà. Ìbéèrè kan ni mo wá bi ọ́, dédé wọn pátá nílé ni wọn ò dá mi lóhùn." Ó simi díẹ̀. "Oògùn tí wọ́n ní yóò gba ọma mi là ọ̀ún, ṣé éè sí ni?"

Mo ní, "Ó wà, Màmá."

"Níbo ló wà?"

Mo mú un lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, mo na ìka sí àgádágodo tó wà ní òdìkejì.

"Ta ló tì í?"

Mo ka gbogbo wa fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ tèmi ni mo fi bẹ̀rẹ̀.